Nítorí Abọ́ Wàrà Ìyá Ọkọ Rẹ

Ràmátù, ọmọ mi àtàtà,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Màlété níbẹ̀, ìwọ àti ọkọ rẹ, àti ẹnikẹ́ni tó bá ń sùn lábẹ́ òrùlé yín. Ara mi le. Orúnkún tó ń dùn mí ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n èmi àti òun ti mọ ìwà ara wa. Mo ti kírun àsùbáà, mo ti mu kókó gbígbóná, mo sì ti gbé àga sí abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa kí n tó mú bírò. Tí o bá rí ibi tí ìlà ìwé mi ti wọ́, má sọ pé ogbó ló dé. Ewúrẹ́ ará ilé kejì ló ń wá fa ìwé mọ́ mi lọ́wọ́.

O máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Mo pè ọ́. Ìgbàkúùgbà tí mo bá pè, "Ó ti yé mi, Mọ́mì" ni wàá sọ kí n tó la ẹnu tán, wàá ní ẹnì kan ń dúró dè ọ́ ní ọ́fíìsì. O ò lè pa ìwé bí o ṣe ń pa fóònù. Olùkọ́ ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo mọ ọmọ tó ń mi orí nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan. Nítorí náà jókòó, kà á, kí o sì kà á tán.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè rí i pé mo gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tí yunifásítì gbà ọ́ síṣẹ́, wọ́n ní kí o lọ yẹ ara rẹ wò kí o tó wọlé. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, ó ní ọ̀rá inú rẹ̀ ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tí ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ń pè ní kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù. Ó ní kí o lọ tún oúnjẹ rẹ ṣe fún oṣù mélòó kan ná, kí o padà wá kí òun tún un yẹ̀ wò, kí òun lè mọ̀ bóyá wàá nílò oògùn. O délé, o ò sọ fún ẹnikẹ́ni àyàfi èmi. Ọkọ rẹ gan-an, ìdajì ọ̀rọ̀ lo sọ fún un. Ìyá ọkọ rẹ sì rèé, tí wọ́n ń ṣe wàrà tà, tí gbogbo Màlété mọ̀ sí Ìyá Oníwàrà. Láti ìgbà tí o ti wọlé ọkọ ni wọ́n ti ń gbé abọ́ wàrà díndín wá fún ọ ní ìrọ̀lẹ́. O ń gbà á tẹ̀rín-tẹ̀rín, o ń kúnlẹ̀, o ń dúpẹ́, o sì ń dà á nù láti ìgbà tí dókítà ti kìlọ̀ fún ọ. Ọjọ́ Àlàmísì tó kọjá ni wọ́n wá gbá ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yín, ni wọ́n bá bá wàrà tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn dín nínú garawa ìdọ̀tí.

Láti ọjọ́ náà, abọ́ kò wá mọ́. Ọkọ rẹ ń fajú ro. Ìwọ náà wá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi pé: "Mọ́mì, màá kúkú máa jẹ gbogbo ẹ̀ báyìí, kí ilé lè tòrò. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yẹn ò kúkú dùn mí níbì kankan."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Kò dun Bàbá rẹ náà níbì kankan.

O ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ wọ ilé wa, nítorí náà ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ nìkan lo mọ̀, èyí tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń sọ nígbà ọdún. Bàbá rẹ fẹ́ lọ sí Mẹ́kà. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ń lọ wá yẹ ara wò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún wọn pé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn pọ̀. Wọ́n wò ó tìyanu-tìyanu. Ẹni tó ń ti ilé kéú rìn dé ọjà Ìpàtà láìmí helehele, tí kò sanra, tí ikùn rẹ̀ kò yọ, níbo ni ọ̀rá ti fẹ́ rí i? Èmi náà bá wọn dá dókítà lẹ́bi. Lójú tiwa, ọlọ́ràá ni ẹni tí ọrùn rẹ̀ bá ká.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, nọ́ọ̀sì kan pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó ń kánjú, èrò sì pọ̀ lẹ́yìn wa. Ó ní, "Ìyá, ẹ máa bá wọn dín ẹran o. Ẹ dín ẹyin náà." Mo ní mo ti gbọ́.

Ràmátù, mo gbọ́ lóòótọ́. Bíbọ̀ ni mo máa ń bọ ẹran nínú ilé wa láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi kọ́ mi. Mo ní, háà, bíbọ̀ tí mò ń bọ̀ ọ́ ló fa gbogbo fìtínà yìí! Lọ́jọ́ kejì mo gba Ìpàtà lọ, mo ra ẹran, mo ra agbada ńlá kan irú èyí tí àwọn alákàrà ń lò. Mo dín ẹran. Mo dín ẹja. Ẹyin tí mo bá ti bọ̀, màá bó o, màá tún dín in kí n tó sọ ọ́ sínú ọbẹ̀. Òórùn ilé wa ń pe àwọn aládùúgbò. Bàbá rẹ sì ń ṣàdúà fún nọ́ọ̀sì náà lórí oúnjẹ. "Ọmọ yẹn mọ iṣẹ́ ẹ̀, wàlláhì. Àwọn kan á ní kéèyàn má jẹ tibí, kó má jẹ tọ̀hún. Èyí mọ̀ pé èèyàn ẹlẹ́ran ara lòún ń tọ́jú."

Nígbà tí a padà lọ, ẹ̀jẹ̀ wọn ti burú sí i. Dókítà kọjú sí mi.

"Ìyá, ṣé ẹ dín ẹran tí a ní kí ẹ dín?"

"À ń dín in, dókítà. Lójoojúmọ́ ni."

"Ẹyin ńkọ́?"

"Ìyẹn náà, à ń dín in."

Ó wo ìwé, ó tún wo ojú mi. "Ẹ dín in dé ibo?"

"Títí ó fi pọ́n," ni mo wí. "N kì í yọ ọ́ nínú òróró àfi tó bá pọ́n."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, nọ́ọ̀sì dì mọ́ ògiri. Bàbá rẹ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìgbà tí ó wá yé wọn pé kí a dín in kù ni dókítà ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu wọn. Nígbà tí a dé Pósí Ọ́fíìsì, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ Yorùbá yìí náà!"

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ nìyí, òun sì ni ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́. Ẹni tó ń se oúnjẹ gbọ́dọ̀ mọ àìsàn tí òun ń se oúnjẹ fún. Ká ní wọ́n jókòó tì mí, kí wọ́n ṣàlàyé pé ọ̀rá ló ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, pé ọkàn ló máa ń jìyà rẹ̀, òmùgọ̀ kọ́ ni mí, n ò ní gbé agbada kaná. Ọ̀rọ̀ kúkurú ni wọ́n jù sí mi. Ìwọ náà, ọ̀rọ̀ kúkurú lò ń jù sí àwọn tó ń bọ́ ọ. "Mo ti yó." "Màá jẹ ẹ́ tó bá yá." Ta ni ìyẹn fẹ́ yé?

Ìkejì ni ti òróró. Nígbà tí mo gbọ́ pé kí n dín epo kù, epo pupa nìkan ni mo mú kúrò nílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò òróró pé kò ní kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù, ni mo bá ń dà á bí ẹni ń fọ iṣasùn. Lóòótọ́, òróró tó ń ṣàn kì í ṣe ọ̀tá ọkàn bíi bọ́tà àti ọ̀rá ẹran, ṣùgbọ́n èyí tí mò ń dà nígbà náà ti kúrò ní ti ọbẹ̀. Ṣíbí ni mò ń lò báyìí. N kì í ti ẹnu ìgò dà á sínú ìkòkò. Fi alùbọ́sà, ata, ìrù àti atalẹ̀ wá adùn rẹ. Ọbẹ̀ tí òróró kò léfòó lórí rẹ̀ ṣì ń jẹ́ ọbẹ̀.

Ti ẹran, gé e kéékèèké. Yọ ọ̀rá funfun ara rẹ̀, bó awọ adìẹ, kí o sì jẹ́ kí ìfun, ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ di ohun tí o ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé ìfun ni ìwọ fẹ́ràn jù láti kékeré, o máa ń jí i nínú ìkòkò, o máa ń rò pé n kò rí ọ. Fi ẹja rọ́pò rẹ̀. Ẹja Títọ́ọ̀sì tí a yan tàbí tí a sè sínú ata dára fún ọkàn, ohun tí dókítà sọ fún wa nìyẹn.

Ẹ̀wà, Ràmátù! Ẹ̀wà ni mo bá ṣọ̀rẹ́ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èkuru kò gba òróró rárá, ata rẹ̀ nìkan ni kí o ṣọ́. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ inú ewé gba díẹ̀. Gbẹ̀gìrì, kán epo díẹ̀ sí i, ó ti tó. Ilá dára, ẹ̀fọ́ dára, ìgbá dára. Ọsàn, jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹran inú rẹ̀, má ṣe mu omi inú páálí kí o sọ fún mi pé o jẹ èso. Ọ́ọ̀tì inú agolo tí ẹ̀yin ọmọ òde òní ń rà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ọkà bàbà tí a kò sẹ́ èérí rẹ̀ dànù náà ní ohun tó ń ṣe nínú ikùn. Jẹ èyí tí o bá rí. Ìrẹsì funfun àti búrẹ́dì, má fi wọ́n kún inú àwo dẹ́nu.

Ohun kan wà tí mo ṣe tí kò dára nígbà náà. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo yí gbogbo oúnjẹ ilé padà. Àárọ̀, ẹ̀wà. Ọ̀sán, ẹ̀fọ́ tí kò ní ẹran. Alẹ́, ẹ̀wà. Kò pẹ́, mo rí i pé ẹ̀yin ọmọ mi kì í fẹ́ jẹun mọ́, ara yín sì ń dán. Ìgbà tí mo máa fi mọ̀, gbogbo yín ti ń lọ jẹun lọ́dọ̀ ìyàwó àbúrò Bàbá yín lẹ́yìn ilé kéú, Bàbá yín sì wà láàárín yín, wọ́n káwọ́ ẹ̀wù wọn sókè, wọ́n ń fa eegun. Mo bínú, mo rẹ́rìn-ín, n kò mọ èyí tí n bá ṣe. Nítorí náà, má ṣe fi ogun gbé e. Mú nǹkan kan kúrò lọ́sẹ̀ yìí, kí ó mọ́ ọ lára, kí o tó mú òmíràn. Máa fi ẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú. Ilẹ̀ Màlété gbòòrò, má ṣe gun ọ̀kadà láti ilé dé ibi iṣẹ́ tí mo lè fi ojú ara mi rí láti ẹnu ọ̀nà yín.

N kò rántí iye tí mo ti kà dé. Òmíràn ni ti àgbo. Àwọn èèyàn máa bá ọ dé ibẹ̀, wọn á gbé e wá nínú ìgò, wọn á ní ó ń fọ ọ̀rá kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Tí ó bá wù ọ́, gbé ìgò náà lọ fi han dókítà kí o tó fi kan ẹnu. Tí dókítà bá wá ní kí o lo oògùn, lò ó, má ṣe rò pé ẹ̀wà ti gba iṣẹ́ rẹ̀. Má sì tún sọ fún mi pé o tínrín. Bàbá rẹ tínrín.

Mo mọ̀ pé o ti ń rò ó pé mo ti gbàgbé abọ́ wàrà. N kò gbàgbé. Ibẹ̀ ni mo ń lọ, ẹsẹ̀ mi ló wúwo.

Oúnjẹ tí mo sọ yìí ṣiṣẹ́ fún Bàbá rẹ. Nígbà tí a padà lọ yẹ̀ wọ́n wò, ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń bọ̀ sípò, dókítà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó pè mí ní dókítà ẹlẹ́gbẹ́ òun. Mo gbéra ga fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Inú ilé mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n o mọ iṣẹ́ Bàbá rẹ. Alfa ni wọ́n. Ìsọmọlórúkọ, wọ́n á pè wọ́n. Wòlímà àwọn ọmọ kéú, wọ́n á pè wọ́n. Ìyàwó, ìṣílé, àdúà òkú, kò sí èyí tí wọn kì í gbé àwo síwájú Alfa kí wọ́n tó gbé e síwájú ẹlòmíràn, ẹran tó sì sanra jù ni wọ́n máa ń ṣà sí i láti fi bọlá fún wọn. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní, "Alfa, ẹ sọ fún wọn pé ara yín ò gbà á."

Wọ́n ní, "Kí n máa sọ kí ni? Kí n wo ojú onísàráà kí n ní n ò jẹ ẹran sàráà? Wọ́n á ní mo ti dé Mẹ́kà, mo wá ń gbéra ga. Àlùbáríkà ń bẹ níbẹ̀. Díẹ̀ ni màá jẹ."

Díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé ara Alfa tó ń ṣàdúà àlàáfíà fún gbogbo ayé kò dá. Ojú ń tì wọ́n. Nígbà tó yá wọn kò lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà mọ́, wọ́n ní kò sí ibi tó ń dun àwọn. Ìyókù lo mọ̀. Wọ́n kírun àìlà dé, wọ́n ní kí n bu omi wá, mo sì gbé omi náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò lè mu ún mọ́. Ọkàn ni wọ́n ní ó dáwọ́ dúró. Ọlọ́run ló ni ọjọ́, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run náà ló ń fi ọ̀nà àti sábàbí síwájú wa, tó sì fún wa lẹ́nu láti fi sọ̀rọ̀.

Èyí tí n kò sọ fún ẹ̀yin ọmọ rí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ. Àwọn obìnrin jókòó tì mí, mo sì ń sọ fún ọ̀kan lára wọn bí dókítà ṣe kìlọ̀ ẹran fún Bàbá rẹ. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó máa ń ṣe wòlímà ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ìyá tó máa ń gbé àwo Alfa fúnra rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ọmọdé gbé e. Ó gbọ́ ọ. Ó dìde, ó wá kúnlẹ̀ síwájú mi, ó ń sunkún.

"Ìyá Ràmátù, kí ló dé tí Alfa ò sọ fún wa? Ṣé èmi náà ni n ò lè se ẹ̀wà fún wọn ni? Tayọ̀tayọ̀ ni n bá fi sè é, Sùbúhánálláhì! Èmi ni mo ṣa ọ̀rá sí àwo wọn. Mo rò pé mò ń ṣìkẹ́ wọn ni."

Mo dì í mú, àwa méjèèjì sunkún. Kò mọ̀, Ràmátù. Ìfẹ́ ló fi ń bù ú. Bàbá rẹ kò fẹ́ dùn ún, wọ́n sì fi ẹ̀dùn tí kò ní tán sí i lọ́kàn. Títí di òní, tí a bá pàdé lọ́nà, ó máa ń wo ilẹ̀.

Wàyí o, Ìyá Oníwàrà pè mí lánàá. N kò fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́, nítorí mo mọ̀ pé wàá ka ìyẹn nìkan, wàá ju ìyókù sílẹ̀. Ohùn wọn kò le dáadáa. Wọn kò pariwo, wọn kò bú ọ. Wọ́n kí mi, wọ́n béèrè orúnkún mi. Wọ́n ní, "Ìyá Ràmátù, ẹ dákun, ẹ bá mi bi ọmọ yín. Ṣé ọwọ́ mi ni kò mọ́ lójú ẹ̀ ni? Torí pé mo ń ta wàrà, tó sì kàwé?" Wọ́n ní nígbà tí o ń sọ pé o ti yó, àwọn tilẹ̀ ti ń rò pé oyún ni, àwọn ti ń yọ̀ lábẹ́nú, àwọn ti ń fi kún iye tí àwọn ń bù fún ọ.

O rí ohun tí ìdákẹ́jẹ́ ń fà? O ò sọ nǹkan kan, wọ́n bá fi ohun tí wọ́n rò dí àlàfo náà. Wọ́n kọ́kọ́ fi ayọ̀ dí i, wọ́n wá fi ìtìjú dí i.

Mo lè sọ fún wọn lórí fóònù níbẹ̀. Ó wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ara rẹ ni, ìyá ọkọ rẹ sì ni, tí mo bá gba ẹnu rẹ sọ ọ́, wọ́n á ní o fi ẹjọ́ wọn sùn mí. Mo ní, "Ẹ fún mi ní ọjọ́ díẹ̀, yóò fúnra rẹ̀ wá bá yín." Nítorí náà mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ lórí rẹ.

Lọ bá wọn. Má ṣe rán ọkọ rẹ. Kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ ná, kì í ṣe ìdajì, kó tó lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, lọ ní àárọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbé wàrà kaná, tí wọn kò tíì ní oníbàárà. Kúnlẹ̀. Tọrọ àforíjì fún èyí tí o dà nù, kí o tó sọ ìdí rẹ̀, má ṣe fi ìdí náà ṣáájú bí agbẹjọ́rò. Má ṣe sọ pé "Mi ò jẹ wàrà." Létí ìyá ọkọ, "Mi ò jẹ ẹ́" túmọ̀ sí pé mi ò jẹ tìẹ. Sọ pé, "Ìyá, ara mi ni kò gbà á." Sọ orúkọ àìsàn náà fún wọn. Sọ ohun tí dókítà wí. Sọ ohun tó pa Bàbá rẹ. Tí wọ́n bá ní ará wa kì í ní irú ẹ̀, tí wọ́n ní o tínrín, ní sùúrù, èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ rí. Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kí o wá ní kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n gbọ́ fún ọ, torí mo ti sọ fún ọ bí etí ṣe ń ṣe.

Má sì jẹ́ kí wọ́n dìde níbẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ẹni tó fẹ́ fi oúnjẹ ṣìkẹ́ ọ kò ní ọ̀nà mìíràn tó mọ̀. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa bá ọ se èkuru lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá ti rẹ̀ ọ́. Ọwọ́ wọn dùn, gbogbo ará Màlété ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Wàrà tí a kò dín rárá ńkọ́, ẹyọ kan nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan? N kò mọ̀. Bi dókítà. Tí ó bá ní kò burú, mú ìròyìn náà lọ fún wọn kíákíá, wọ́n á yọ̀ ju ìwọ lọ. Tí ó bá ní kí o yàgò fún un, yàgò fún un.

Tí wọ́n bá bínú lẹ́yìn gbogbo èyí, jẹ́ kí wọ́n bínú. Ìbínú ìyá ọkọ máa ń rọ̀, mo ti fojú rí i. N kò ní kí o máa bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n mo kọ̀ kí o fi ọkàn rẹ ra ìfọ̀kànbalẹ̀ ilé. Ilé tó tòrò tí o kò sí nínú rẹ̀, kí ni yóò ṣe fún mi?

Ojú mi ti ń dá omi, oòrùn sì ti ń yọ sí mi lójú, n ó dáwọ́ dúró níhìn-ín. Mo ń ṣàdúà fún ọ lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló máa gbé ìwé yìí wá bí ó bá ń bọ̀ ní Màlété, má sì jẹ́ kó padà wá láìjẹ pé o ti lọ bá ìyá ọkọ rẹ, nítorí òun ni mo máa bi.

Mo ti rí ọkọ mi nínú aṣọ funfun, Ràmátù, mo sì gbà fún Ọlọ́run. Ìwọ ni mo bí láti sin mí. Jọ̀wọ́, ọmọ mi, má jẹ́ kí èmi sin ọ́ nítorí pé ojú ń tì ọ́ láti sọ̀rọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ ju bó ṣe ń pariwo mọ́ ọ lọ,
Sàláátù